Omi Ni Mo Wá Lọ sí Granada

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lọ sí gúúsù Sípéènì. Nígbà àkọ́kọ́, a lé ní ogójì nínú bọ́ọ̀sì ńlá kan, ìlú mẹ́rin lọ́jọ́ mẹ́ta. Fọ́tò kún fóònù mi nígbà tí mo délé. Àmọ́ nígbà tí ọmọ mi bi mí pé kí ni mo rí ní Córdoba, “mọ́ṣáláṣí ńlá kan tí òpó pọ̀ nínú rẹ̀” ni gbogbo ohun tó jáde lẹ́nu mi. Ó dùn mí gan-an, torí oṣù mọ́kànlá ni mo fi tu owó yẹn jọ.

Lẹ́ẹ̀kejì, ìrìn-àjò ẹ̀kọ́ ni mo wá. Àwa mọ́kànlá péré ni, fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Obìnrin tó ń mú wa kiri, olùkọ́ ìtàn tó ti fẹ̀yìn tì, sọ lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ pé kí kálukú mú ìbéèrè kan ṣoṣo, kó sì máa gbé e kiri títí a ó fi parí. Ẹnì kan mú igi, ẹnì kan mú búrẹ́dì. Èmi mú omi: níbo ló ti ń wá, ta ló sì ń pín in? Ọmọ Ìbàdàn tó ti gbé kẹ́ẹ̀gì wá omi kiri rí ni mí, ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí mi.

Mo bẹ̀ yín, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ mú ìbéèrè kan dání kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.

Mo ti gba orí afárá odò Guadalquivir kọjá ní Córdoba nígbà àkọ́kọ́, n kò tilẹ̀ wo odò náà. Àṣé Lárúbáwá ni orúkọ rẹ̀, al-wadi al-kabir, ìyẹn Odò Ńlá, torí àwọn Mùsùlùmí tó ń sọ Lárúbáwá ti jọba níbẹ̀ láyé àtijọ́. Látìgbà náà ni etí mi ti là. Acequia, ojú omi tí wọ́n fi ń bomi rin oko: Lárúbáwá. Algodón, òwú: Lárúbáwá. Mo sọ fún olùkọ́ wa pé àlùbọ́sà àti àlàáfíà tiwa náà, inú èdè yẹn ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Ó ní kí n tún wọn pè kí òun lè kọ wọ́n sílẹ̀.

Mọ́ṣáláṣí Córdoba yẹn, Abd al-Rahman Kìíní, ọba Mùsùlùmí kan, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 785. Òpó inú rẹ̀ lé ní 850. Ní 1523 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ kàtídírà sí àárín rẹ̀ gan-an. Lọ́tẹ̀ yìí, àgbàlá igi ọsàn la kọ́kọ́ jókòó sí, a sì pẹ́ níbẹ̀. Ojú omi tẹ́ẹ́rẹ́ lọ láti ìdí igi kan sí ìdí èkejì. Àgbàlá yẹn náà ni àwọn olùjọsìn ti ń ṣe àlùwàlá.

Ní Alhambra, odi àti ààfin àtijọ́ tó wà ní Granada, ẹ má fi páásípọ́ọ̀tù sílẹ̀. Orúkọ yín wà lára tíkẹ́ẹ̀tì, aago tí ẹ máa wọ ààfin àwọn ọba Nasrid, ìdílé Mùsùlùmí tó jọba Granada, sì wà lára rẹ̀. Bí aago yẹn bá kọjá, ó tán. Ẹnì kan nínú wa gbàgbé tirẹ̀ sí òtẹ́ẹ̀lì, kò rí àwọn kìnnìún òkúta 12 tó yí àwo omi ká. Omi tó ń jáde lẹ́nu wọn láyé àtijọ́, láti odò Darro ni wọ́n ti la ojú omi rẹ̀ wá, nǹkan bí kìlómítà 6. Ní 2 oṣù Kìíní 1492, ọba Mùsùlùmí tó kẹ́yìn fi ìlú sílẹ̀ fún àwọn ọba Kristẹni, àmọ́ omi yẹn kò dúró.

Síbẹ̀, orí òkè ni mo ti rí ìdáhùn mi. A sun alẹ́ mẹ́ta ní Capileira, lára òkè Sierra Nevada, níbi tí òrùlé ilé ti tẹ́ pẹrẹsẹ, tí wọ́n fi amọ̀ bò ó. Bàbá àgbà kan tó ń mójú tó ojú omi mú wa gòkè. Bí yìnyín bá ti ń yọ́, wọ́n á darí omi rẹ̀ lọ síbi tí ilẹ̀ ti lè mu ún. Á máa rọra rìn lábẹ́ ilẹ̀, títí tí yóò fi sun jáde nísàlẹ̀ ní oṣù tí oòrùn mú. Wọ́n ní àwọn ń gbin omi ni. Àwọn ará Yunifásítì Granada àti àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ti ń tún àwọn ojú omi tó dí ṣe. Bàbá náà gbé ọkọ́ fún mi, ó ní kí n ṣí ẹnu ibì kan. Mo gbá ẹrẹ̀ kúrò, omi tutù yọ, ó wọ oko ẹlòmíràn lọ. N kò ya fọ́tò kankan níbẹ̀.

Ẹ wọ bàtà tí kì í yọ̀, torí òkúta ló kún ojú títì. Ẹ tètè wá físà, a lè kọ̀wé fún un láti oṣù 6 ṣáájú. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi ẹni tó ń ṣètò pé alẹ́ mélòó lẹ máa sùn ní abúlé. Bó bá ní ọ̀sán kan péré lẹ máa yà síbẹ̀, ẹ wá ẹlòmíràn.