Ohun tí mo kọ́ nípa gbígbé ajá ọdẹ wọ hẹlikópítà

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo gbé ajá mi, Tanímọ̀la, wọ hẹlikópítà lọ sí igbó tí ọ̀nà ọkọ̀ kò dé, ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé yóò dààmú wa lójú òfurufú. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Láti ìgbà tí a ti gbéra títí a fi dé ibi tí à ń lọ, ńṣe ló dùbúlẹ̀ síbi ẹsẹ̀ mi, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, kò sì gbó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìgbà tí a balẹ̀ tí mo ṣílẹ̀kùn ni ọ̀ràn dé. Ó já okùn gbà mọ́ mi lọ́wọ́, ó sì sáré gba apá ibi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́ lọ sókè, níbi tí abẹ̀bẹ̀ orí bàálù, tí ó ṣì ń yí, ti sún mọ́ ilẹ̀ jù lọ. Ajá náà kọjá lábẹ́ rẹ̀ nítorí pé ó kúrú. Ká ní mo sáré tẹ̀ lé e bí mo ti fẹ́ ṣe kí awakọ̀ tó fi ọwọ́ dá mi dúró, èmi ni abẹ̀bẹ̀ náà ì bá gbá lórí. Wákàtí 16 ni mo fi wá ajá yẹn kí n tó rí i.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ìbalẹ̀ ni kí ọdẹ múra sílẹ̀ fún ju ìfò lọ. Mi ò tún fi ọwọ́ ara mi ṣílẹ̀kùn mọ́. Mo ń dúró de awakọ̀ tàbí ẹni tó yàn. Àgò ni mo fi ń gbé ajá bí ààyè bá wà, a ó sì gbé àgò náà sọ̀kalẹ̀ ní títì pa. Bí kò bá sí ààyè fún àgò, okùn kúkúrú ni mo máa ń so mọ́ ìgbànú tó gba àyà àti èjìká ajá kọjá, n kì í so ó mọ́ ti ọrùn, nítorí pé ajá tí ẹ̀rù bá ń bà máa ń fà sẹ́yìn títí orí rẹ̀ yóò fi bọ́ kúrò nínú ìgbànú ọrùn. Apá ibi tí awakọ̀ ti lè rí wa ni a máa ń gbà jáde, a ó sì kọjú sí ibi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wa kì í lọ sí ìdí bàálù, nítorí pé bí abẹ̀bẹ̀ kékeré tó wà níbẹ̀ bá ń yí, ojú kì í rí i mọ́, ì báà jẹ́ ojú ènìyàn tàbí ti ajá. Lẹ́yìn náà ni a ó kúnlẹ̀ ti ẹrù wa, tí n ó fi ara bo ajá náà títí bàálù yóò fi gbéra, tí ìjì rẹ̀ yóò sì rọlẹ̀.

Ohun kan wà tí n kò rò títí Tanímọ̀la fi sọnù. Ajá tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ igbó ti fi òórùn sílẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà. Bí ó bá lé ẹran lọ jìnnà, ó lè fi imú tọ ipasẹ̀ rẹ̀ padà. Ajá tó gba ojú òfurufú dé kò ní ipasẹ̀ kankan tó lè tọ̀ padà sílé. Ibi tí ó ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ kanlẹ̀ nìkan ni ilé tí ó mọ̀ nínú igbó náà, bí ó bá sì jẹ́ pé ìbẹ̀rù ló fi sá kúrò níbẹ̀, kò mọ ibẹ̀ dáadáa. Ẹ̀wù òtútù tí mo gbàgbé síbi ìbalẹ̀ ni mo bá a tó sùn lé lórí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, pẹ̀lú ọgbẹ́ ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ohun tí mo ṣe láìmọ̀ nígbà yẹn ni mo ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe báyìí: mo máa ń fi aṣọ tí mo ti wọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, mo sì máa ń fi okùn mú àwọn ajá rìn yí ibẹ̀ àti àgọ́ wa ká fún nǹkan bíi wákàtí kan, kí wọ́n gbóòórùn, kí wọ́n tọ̀, kí ọkàn wọn balẹ̀. N kì í tú wọn sílẹ̀ títí ẹ̀rọ ìtọpa GPS tó wà lọ́rùn wọn yóò fi mú sátẹ́láìtì, nítorí pé kì í sábà mú un dáadáa nínú bàálù.

Ilé ni iṣẹ́ gidi ti ń bẹ̀rẹ̀, ní oṣù díẹ̀ ṣáájú. Etí ènìyàn kì í gbọ́ ohùn tó ga ju nǹkan bíi 20,000 Hz lọ (Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ṣùgbọ́n ti ajá ń gbọ́ dé nǹkan bíi 45,000, nítorí náà ariwo tí a fi ohun ìbotí dì fún ara wa kò yẹ kí a dá ajá dá a. Mo gba ohùn hẹlikópítà sórí fóònù, mo ń tàn án jẹ́jẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń jẹun, mo sì ń fi díẹ̀díẹ̀ gbé e sókè. Inú àgò ni wọ́n ń sùn. Lẹ́yìn èyí ni mo bẹ awakọ̀ kan pé kí ó jẹ́ kí wọ́n gbóòórùn bàálù tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà ní pípa, kí wọ́n sì wọ inú rẹ̀ kí wọ́n tún jáde. Bí ọjọ́ ìrìn bá dé, n ó fi òwú sí ẹnu ihò etí wọn, kò ní wọ inú lọ jìnnà, n ó sì fi aṣọ rírọ̀ wé e. Oògùn tó ń mú ajá sùn ni n kò fara mọ́, nítorí pé ó lè dá mímí rẹ̀ àti ìgbóná ara rẹ̀ rú níbi tí kò sí dókítà ẹranko.

Ẹ má ṣe fi ojú wọn ìwúwo ajá. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ó sì kù díẹ̀ kí a fi àpò oúnjẹ sílẹ̀ nígbà tí awakọ̀ gbé wọn sórí òṣùwọ̀n. Ajá 3 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wọn 30 kg ti tó ènìyàn kan gidi, bẹ́ẹ̀ sì ni hẹlikópítà kékeré bíi Robinson R44 kò ní ju ìjókòó 4 lọ, pẹ̀lú ti awakọ̀. Bí ilẹ̀ bá ga tí ooru sì mú, ẹrù tí bàálù lè gbé tún máa ń dín kù. N kì í fún wọn ní oúnjẹ fún nǹkan bíi wákàtí 6 ṣáájú ìrìn, ṣùgbọ́n mo ń fún wọn ní omi díẹ̀, mo sì ń tẹ́ tapólì sábẹ́ wọn, nítorí pé ìtọ̀ máa ń jẹ irin bàálù. Mo máa ń gbé oúnjẹ wọn tó lé ní ti ọjọ́ méjì dání, nítorí pé ìkùukùu lè dí bàálù lọ́nà lọ́jọ́ tó yẹ kó padà wá.

Ní ọjọ́ ìpadàbọ̀, mo ń nu ara wọn gbẹ kí a tó wọn wọ́n, nítorí pé omi àti ẹrẹ̀ ń fi kún ìwúwo, ẹran tí a pa sì ti wà nínú ẹrù. Bí a bá sì ti kúrò lábẹ́ abẹ̀bẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí mo ń ṣe ni pé kí n yọ òwú kúrò ní etí wọn, kí n sì kà á, méjì fún ajá kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kankan má baà kù sínú.