Mo ń pààrọ̀ locking tuner orí gìtá oníná mi: ibi tí iṣẹ́ dé

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Gìtá tòkunbọ̀ ni, irú Stratocaster tí tuner mẹ́fẹ̀ẹ̀fà (èèkàn tí a máa ń yí láti fa okùn le tàbí láti dẹ̀ ẹ́) tò sí ẹ̀gbẹ́ orí kan ṣoṣo. Igi rẹ̀ dára, ọrùn rẹ̀ tọ́, ohùn rẹ̀ sì mọ́ kedere. Tuner nìkan ló ń dà á láàmú. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti fi píláyà fún àwọn kẹ̀kẹ́ ẹ̀yìn wọn pa, àpá eyín píláyà ṣì wà lára irin náà títí di òní.

Fún ẹni tí kò bá lò ó rí: tuner lásán, ńṣe la máa ń wé okùn mọ́ òpó rẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mejì sí mẹ́ta kó tó di ara rẹ̀ mú. Ti locking tuner yàtọ̀. Inú òpó rẹ̀ ṣófo, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà nínú ihò náà. Tí o bá ti ki okùn bọ ojú òpó, tí o yí kẹ̀kẹ́ kékeré tó wà lẹ́yìn orí gìtá, irin yẹn á gòkè wá, á há okùn mọ́ ara òpó pinpin. Okùn ò ní tíì yí òpó po tán tí ohùn á ti pé. Ibi tí okùn bá ti wé léra ló ti máa ń tú díẹ̀díẹ̀ nígbà tí a bá ń fà á, tàbí tí a bá ń tẹ ọwọ́ tremolo, irin tí a fi ń mú ohùn lọ sókè sódò. Bí kò bá sí wíwé, títú dín kù.

Èmi tí mo ń ta gìtá jùjú lóde ìnáwó mọ iyì èyí gan-an. Bí àwọn onílù bá ti wọ̀ ọ́, tí olórin ń ki olówó ayẹyẹ lọ, kò sẹ́ni tó máa dúró dè ọ́ pé o fẹ́ tún okùn G ṣe.

Mo tú gbogbo tuner sílẹ̀ lónìí, mo sì yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ti okùn tó nípọn jù dé ti èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù: E ńlá, A, D, G, B, E kékeré. Ti E ńlá àti A ò ní nǹkan kan. Ti D, eyín inú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti jẹ tán: o lè yí i di ọ̀la, kò ní mú okùn. Ti G ò tiẹ̀ yí rárá. Ti B, síkúrù tó dè é mọ́ igi ti kán sínú orí gìtá. Ti E kékeré ló burú jù. Gìtá yìí ti ṣubú rí, òpó náà sì ti tẹ̀. Tí mo bá ń yí i, á rọ̀, á le, á tún rọ̀, ohùn á sì máa fò kọjá ibi tí mo ń wá. Mi ò ní bẹ̀rẹ̀ sí í na òpó tó tẹ̀. Bó bá tilẹ̀ tọ́ lójú, eyín ìsàlẹ̀ rẹ̀ ò ní wọnú ara wọn dáadáa mọ́.

Ti G yẹn ni mo kán epo sí lẹ́nu, mo gbé e sílẹ̀ di àárọ̀.

Ọjọ́ Àìkú

Kẹ̀kẹ́ G tú! Mo fi aṣọ dì í kí n tó fi ọwọ́ yí i. Ohun tó há sínú rẹ̀ ni èérún okùn àtijọ́ kan tó ti dípẹtà mọ́ irin. Òógùn ọwọ́ àti ọ̀rinrin Èkó ló ń fa irú ìpẹtà bẹ́ẹ̀. Mo fi abẹ́rẹ́ yọ ọ́, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ ojú ihò, irin inú rẹ̀ sì ń lọ sókè sódò bó ṣe yẹ. Ìka ọwọ́ nìkan ló yẹ kó máa fún kẹ̀kẹ́ yìí. Bó bá ti le mọ́ ìka, ó ti tó.

Nígbà náà ni mo rò ó bóyá kí n máa fi èyí tó dára rọ́pò èyí tó bàjẹ́, kí n ra méjì péré. Kò ṣeé ṣe. Àwọn òpó yìí ò ga bákan náà. Ti ẹ̀gbẹ́ okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kúrú ju ti okùn nípọn lọ, kí okùn lè tẹ̀ wálẹ̀ dáadáa lẹ́nu ọrùn láìsí irin tí ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí mo bá gbé òpó gíga ti A lọ síbi E kékeré, okùn á máa fò lójú ihò rẹ̀, á sì máa han. Mo pinnu láti ra odindi sẹ́ẹ̀tì.

Ọjọ́rú

Ìwọ̀n ni iṣẹ́ òní, mi ò sì kánjú. Ihò orí gìtá mi jẹ́ mìlímítà 10, èyí tí ọ̀pọ̀ tuner òde òní ń lò. Ihò gìtá àtijọ́ máa ń kéré sí i, bíi 8.5. Ṣùgbọ́n ihò nìkan kọ́. Ọ̀nà tí tuner gbà ń di igi mú ṣe pàtàkì jù ú lọ: àwọn kan ní síkúrù kan tó dúró ní ìdàgẹ̀rẹ̀, àwọn kan ní píìnì méjì lábẹ́, ti Sperzel ti Amẹ́ríkà sì ní píìnì kan. Hipshot, Amẹ́ríkà náà, ń ta àwo pẹlẹbẹ tí a lè fi bo ihò àtijọ́ láìlu òmíràn. Mo wo ti Schaller ti Jámánì àti ti Gotoh ti Japan náà. Nígbẹ̀yìn, èyí tí ẹsẹ̀ síkúrù rẹ̀ bọ́ sí ojú ihò tó wà nílẹ̀ gan-an ni mo rà. Irin ṣeé rà nígbàkúùgbà, ṣùgbọ́n orí gìtá tí a bá ti lu ihò òfìfo sí ò ní padà sí bó ṣe wà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Síkúrù tó kán. Mo gbé orí gìtá lọ bá ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ṣe káfíńtà ládùúgbò. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ lè bá mi fi ìṣó ta á jáde?" Ó yí igi náà wò, ó ní, "Rárá o, àbúrò. Igi yìí le, bí o bá ta á, ojú iwájú á fọ́. Wá eríàlì rédíò tó ti bàjẹ́ wá."

Ó gé eríàlì náà níbi tí fífẹ̀ rẹ̀ tó mìlímítà 4, ó fi fáìlì kékeré gé eyín sí ẹnu rẹ̀ yíká, ó sì fi sẹ́nu dírílì. Òpó tó ṣófo yìí yí síkúrù tó kán ká, ó ń gé igi àyíká rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, dírílì ń yí sẹ́yìn kó lè máa tú síkúrù náà lọ. Ó ń dúró lóòrèkóòrè kí irin má baà gbóná. Nígbà tó fà á jáde, igi àti síkúrù jọ wà nínú eríàlì ni. Ó fá igi líle kan tó bá ihò náà mu, ó fi gúlúù funfun kàn án wọlé, ó ní kí n má fọwọ́ kàn án di ọjọ́ kejì.

Ọjọ́ Àìkú

Mo gé ojú igi náà tẹ́jú, mo sì lu ihò mìlímítà 1.5 fún síkúrù mìlímítà 2. Mo we téèpù mọ́ irin dírílì níbi tó yẹ kó dúró, nítorí orí gìtá ò nípọn ju bíi mìlímítà 14 lọ. Mo fi síkúrù kọ̀ọ̀kan ra àbẹ́là kí n tó yí i wọlé. Ó ń wọlé bọ̀rọ̀, kò sì sí èyí tó tún kán. Nọ́ọ̀tì iwájú ni mo fi sípánà 10 fún, díẹ̀ péré.

Okùn 10 sí 46 ni mo fi sí i (bí wọ́n ṣe nípọn tó nìyẹn, ní ìdá ẹgbẹ̀rún ínṣì). Mo kọjú ihò òpó sí ọ̀nà tí okùn ń gbà bọ̀, mo fa okùn le, mo fi ìka fún kẹ̀kẹ́, mo gé ìyókù. Mo fà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè nà, mo tún wọn ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá pé ohùn, agbára tí wọ́n fi ń fa ọrùn ju kílò 45 lọ, ibi tí a dí yẹn ò sì mira.

Mo ta á fún bíi wákàtí kan, mo fa B dáadáa, mo tẹ tremolo. E, A, D, B àti E kékeré ò yẹ̀. G nìkan ń dún "tín" lẹ́nu ọrùn tí mo bá ń yí i, á sì lọ sílẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí mo bá fà á. Tuner kọ́ nìyẹn, ojú ihò tí okùn ń gbà kọjá lẹ́nu ọrùn ló há. Mo ti fi ẹ̀dú pẹ́ńsùlù kùn ún, ó sì dín kù. Fáìlì tín-ínrín tó bá fífẹ̀ okùn G mu ni mo ń wá báyìí. Àwọn tuner àtijọ́ tó ṣì dára, E ńlá, A àti G tí mo fọ̀, wà nínú àpótí irinṣẹ́ mi.