Ẹ bi aládùúgbò kí ẹ tó sanwó íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹni tó bá fẹ́ fa íntánẹ́ẹ̀tì wọlé ní Surulere níbí, aládùúgbò ni mo máa ń ní kó lọ bi, kì í ṣe ẹni tó ń tà á. Kó bi í pé báwo ló ṣe ń rí ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Láàárọ̀, èwo ni kì í sáré?

Alágbàtà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn iléeṣẹ́ wọ̀nyí. Abẹ́ òkun ni ọjà ti ń wá. Wáyà MainOne dé Èkó ní 2010, Equiano ti Google dé ní 2022, Pọ́túgàlì sì ni àwọn méjèèjì ti gbéra. Wọ́n á ra àyè lórí irú wáyà bẹ́ẹ̀ lódidi, wọ́n á wá bù ú tà fún wa ní wẹ́wẹ́. Wọ́n mọ̀ pé gbogbo wa kì í lò ó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà èyí tí wọ́n tà máa ń ju èyí tí wọ́n rà lọ. Kì í ṣe jìbìtì, bí wọ́n ṣe ń ṣe é káàkiri ayé nìyẹn. Àmọ́ ẹni tó bá tà á jù, alẹ́ ni àṣírí rẹ̀ máa ń tú. Èyí tí mo ń lò tẹ́lẹ̀, tí bọ́ọ̀lù bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ agbábọ́ọ̀lù á kàn dúró sókè gbọin. Àwọn ará yàrá kejì á ti pariwo góòlù tán kí tèmi tó gbá a.

Ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà orí bébà náà. 20 Mbps (megabit 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kan) kì í ṣe megabyte 20, torí bit mẹ́jọ ló ń di byte kan. Ẹ fi 8 pín in, 2.5 ni.

Tó bá kú, ẹ wo àpótí ara ògiri. Bí iná kékeré tí wọ́n kọ LOS sí bá pọ́n, ìmọ́lẹ̀ tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì ò gba inú wáyà yín wọlé mọ́ nìyẹn. Àwọn tó ń gbẹ́ gọ́tà lè ti gé e. (Kátápílà àti wáyà l'Ékòó, ọ̀tá ni wọ́n.) Ẹ pe iléeṣẹ́ yín, pípa-tàn ò ràn án. Bí kò bá pọ́n, ẹ fi wáyà so kọ̀ǹpútà mọ́ àpótí náà tààrà. Bó bá sáré, Wi-Fi inú ilé ló níṣòro. Ẹ̀yìn fíríìjì ni màmá onílé wa gbé tiwọn sí. Nígbà tí a gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, wàhálà tán.

Nígbà mìíràn, kò sóhun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe ládùúgbò. Ní oṣù Kẹta 2024, wáyà mẹ́rin bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire, báńkì gan-an fara gbá a.

Bí iléeṣẹ́ yín bá ń fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, ẹ pe NCC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó àwọn iléeṣẹ́ fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì, lórí 622. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fẹjọ́ sun iléeṣẹ́ náà, kí ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì kọ ọjọ́ sí i.