Orúkọ rẹ̀ ló ń ṣáájú lórí ìwé àwọn aláriwo

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ olùkọ́, àti ẹ̀yin tí ẹ wá fi iṣẹ́ kọ́ra lọ́dọ̀ wa, mo kí yín. Oṣù kẹsàn-án tó kọjá ló pé ọdún 30 tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké nílẹ̀ Èkìtì. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, abẹ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó la ṣì wà. 1996 ni wọ́n tó yọ wá sọ́tọ̀. Àwọn tí mo kọ́ ní A-B-D ti ń mú ọmọ tiwọn wá fún mi báyìí, mo sì ń fi èyí yangàn níbikíbi tí mo bá dé.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ ìwé yìí ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ọmọ ìwé kejì kan wọ yàrá àwọn olùkọ́, ó lọ dúró níwájú ọ̀kan nínú yín. Kò tíì sọ ju “Àǹtí, wọ́n tún…” lọ tó fi gbọ́ “Lọ jókòó, ẹlẹ́jọ́ wẹ́wẹ́!” Mi ò sọ nǹkan kan lójú ẹsẹ̀, torí kò yẹ kí a máa bá olùkọ́ wí níṣojú ọmọ. Ṣùgbọ́n oorun kò kùn mí lóru ọjọ́ náà. Gbólóhùn yẹn gan-an ni mo sọ fún ọmọ kan ní 2003, mo sì mọ ibi tó gbé e dé.

Mo ní kí n to ẹ̀kọ́ márùn-ún kalẹ̀ fún yín lórí bí a ṣe ń kọ́ ọmọdé láti dá ìfòòró mọ̀ àti ohun tí yóò ṣe sí i.

Èkíní: ẹ kọ́ wọn kí wọ́n mọ ìyàtọ̀ láàárín eré, ìjà àti ìfòòró. Ọ̀mọ̀wé kan ti wà rí tó ń jẹ́ Dan Olweus, ọmọ Sweden tó ṣiṣẹ́ ní Bergen ní Norway, tó bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ọ̀rọ̀ yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ohun mẹ́ta ló ní a fi ń dá a mọ̀, ìka mẹ́ta lèmi sì fi ń kọ́ àwọn ọmọ ìwé kìíní. Ìka àkọ́kọ́: ṣé ó mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é ni? Ìka kejì: ṣé ó ń ṣe é léraléra? Ìka kẹta: ṣé apá rẹ kò ká a? Bí ọmọ méjì tí agbára wọn dọ́gba bá forí gbárí nídìí bọ́ọ̀lù, tí wọ́n sì ta ara wọn lẹ́ṣẹ̀ẹ́, ìjà nìyẹn, ẹ là á. Ṣùgbọ́n bí ìka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dìde, ẹ fi ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀. Ìka kẹta ni kí ẹ tẹnu mọ́ jù lọ, torí òun làwa àgbà kì í tètè rí. Kì í ṣe ara ńlá nìkan ló ń jẹ́ kí apá ọmọ má ká ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ lówó, ọmọ tí ẹnu rẹ̀ dùn, ọmọ tí olùkọ́ fẹ́ràn, gbogbo wọn lágbára.

Èkejì: ẹ má ṣe sọ fún ọmọ pé ẹjọ́ rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ibí yìí ni mo ti ní láti dúró pẹ́ díẹ̀.

Ní 2003, ìwé kẹrin ni mo ń kọ́ ní abúlé kan lápá Ìkọ̀lé. Ọmọ 52 ló wà nínú kíláàsì mi, kò sì sí kíláàsì tó dákẹ́ tó tèmi. Àwọn alábẹ̀wò láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ máa ń yìn mí. Ohun tí mò ń ṣe ni pé mo yan mọ́nítọ̀. Bí mo bá ti jáde, yóò kọ orúkọ àwọn tó pariwo sórí ìwé pélébé. Bí mo bá dé, mo gba ìwé, mo mú pàṣán, ẹgba méjì-méjì. Mi ò ní bi ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun.

Ọmọkùnrin tó mọ́ tónítóní ni mọ́nítọ̀ mi, ẹni tó máa ń kúnlẹ̀ gba ẹrù lọ́wọ́ mi láàárọ̀. Ọmọbìnrin kan sì wà tí n ó pè ní Àjọkẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Ìyá àgbà rẹ̀ ló ń tọ́ ọ, fùfú ni wọ́n ń ṣe tà. Ẹni tó bá ti rẹ ẹ̀gẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta mọ òórùn tí mò ń wí. Àjọkẹ́ ní láti sẹ́ fùfú kó tó wá sílé-ìwé, òórùn náà sì máa ń bá yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ wá. Àwọn ọmọ sọ ọ́ ní Fùfú. Bó bá ń kọjá, wọn a dimú. Àwọn yòókù ń jókòó mẹ́rin-mẹ́rin lórí bẹ́ńṣì ọlọ́mọ mẹ́ta, òun nìkan ló dá bẹ́ńṣì kan ní. Mo rí i lójoojúmọ́, mi ò sì bi ara mi léèrè.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wá bá mi ní sáà àkọ́kọ́. Ìgbà àkọ́kọ́, ó ní, “Àǹtí, wọ́n ń pè mí ní Fùfú.” Mo ní, “Ṣé fùfú kì í ṣe oúnjẹ ni?” Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà kejì, ó ní wọn ò jẹ́ kí òun jókòó tì wọ́n. Mo ní kó lọ bẹ̀ wọ́n. Ìgbà kẹta, mo ti gbé pàṣán sókè nígbà tó sọ pé, “Àǹtí, mi ò pariwo.” Mo nà án, mo wá fi kún un pé, “Lọ jókòó, ẹlẹ́jọ́ wẹ́wẹ́.” Láti ọjọ́ náà kò sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi mọ́ àyàfi “kú àárọ̀, mà.”

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí: ọmọ tí a kì í gbọ́ ohùn rẹ̀ bó bá ń kàwé, òun ni orúkọ rẹ̀ ń ṣáájú lórí ìwé àwọn aláriwo. Olùkọ́ tó ti gboyè ni mí. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Nígbà ọyẹ́, ní sáà kejì, Àjọkẹ́ kò wá mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, mo rò pé oko ni wọ́n mú un lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ìyá àgbà rẹ̀ wọlé pẹ̀lú aṣọ oko lára. Kò pariwo, àga tí mo fún un gan-an kò jókòó lé e. Ó ní, “Tíṣà, ọmọ yìí ti ń tọ̀ sílé, kì í jẹun mọ́. Ó ń jí owó mi, mo sì ti nà án títí. Nígbà tí mo bi í pé kí ló ń fi owó náà rà, ó ní orúkọ òun lòun fi ń rà padà. Ọ̀rọ̀ náà kò yé mi. Ìdí tí mo fi wá bi yín nìyẹn.”

Èmi náà kò tètè lóye. Nígbà tó lọ, mo ṣí àpótí tábìlì mi, mo kó àwọn ìwé pélébé náà jáde. Ìwé 60 ni mo bá níbẹ̀. Lórí 38 nínú wọn, orúkọ Àjọkẹ́ ló wà lókè, bírò aláwọ̀ búlúù ni wọ́n fi kọ ọ́, pẹ́ńsùlù ni wọ́n fi kọ orúkọ àwọn yòókù. Ilé ni ọmọkùnrin yẹn ti ń kọ orúkọ rẹ̀ wá kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. Lórí 22 tó kù, wọ́n ti ya òkè ìwé kúrò. Náírà mẹ́wàá ló ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó ya á. Owó tí ìyá àgbà ní òun ń wá jẹ́ 220 náírà.

Ọjọ́ tó bá rí owó jí, wọ́n á nà án nílé. Ọjọ́ tí kò bá rí, èmi á nà án níléèwé. Pàṣán ọmọkùnrin yẹn ni mí. Gbogbo agbára tó ní, ọwọ́ mi ló ti gbà á. Àwọn àgbà ní a-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà. Èmi kò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kankan, ìwé ni mo gbọ́.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà kò sàn jù ú lọ. Mo na ọmọkùnrin náà níwájú gbogbo ilé-ìwé, ẹgba 12. Ohun tó kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹni tí pàṣán bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń jàre, ó sì ti mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, mo mú un dání lọ sí abà kó lọ tọrọ àforíjì. Àjọkẹ́ gbọ́ ohùn wa lójúde, ó sá lọ há sẹ́yìn àgbá omi. Mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀ àgbá náà. Ìyá àgbà ní, “Ẹ ṣeun, Tíṣà. Ẹ máa lọ.” Mo dá padà lọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹsẹ̀ yẹn náà ni mo tún rí. Kí sáà kẹta tó wọlé, wọ́n ti mú un lọ bá ìyá rẹ̀ ní Adó. Mi ò fojú kàn án mọ́ títí di òní.

Ọ̀gá wa nígbà náà ní kí n má kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé àkọsílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́, pé àwọn alábẹ̀wò ń bọ̀, pé ọmọdé ni wọ́n, wọ́n á dàgbà kúrò nínú rẹ̀. Mo gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ọdún ti pọ̀ lórí rẹ̀, inú mi kò sì tíì yọ́ sí ọkùnrin yẹn. Ọdún náà gan-an ni Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé jáde ní Àbújá, èyí tó sọ pé a kò gbọ́dọ̀ fi ohun tó ń pa ara, ọpọlọ tàbí ọkàn lára kan ọmọ kankan. Òfin wà ní Àbújá, àwa ń fi ìwé pélébé na ọmọ.

Mo mọ̀ pé ẹ̀kọ́ mẹ́ta ló kù tí mo ṣèlérí. Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ohun tí mò ń ṣe láti ìgbà náà, kí ẹ mú èyí tó bá wúlò fún yín.

Mi ò gba orúkọ aláriwo lọ́wọ́ ọmọ kankan mọ́. Ariwo tí mi ò bá gbọ́ létí ara mi, kò sí níbẹ̀. Bí ìsinmi bá ti parí, mo máa ń jókòó sábẹ́ máńgòrò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọmọ tó bá fẹ́ wá bá mi kò ní sọ ìdí fún ẹnikẹ́ni. Ẹjọ́ wẹ́wẹ́ pọ̀ níbẹ̀, pẹ́ńsùlù tó sọnù àti ẹni tó gba iwájú ẹni lórí ìlà. Mo ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọmọ tí ẹ kò gbọ́ ẹjọ́ pẹ́ńsùlù rẹ̀ kò ní gbé ẹjọ́ ńlá wá.

Mò ń jẹ́ kí wọ́n fi ẹnu ara wọn dán ọ̀rọ̀ wò. Kò tó kí a sọ fún ọmọ ọdún mẹ́fà pé “máa sọ̀rọ̀ sókè.” Ẹ̀rù a máa gbé ọ̀rọ̀ mì lẹ́nu àgbà, áńbọ̀sì ọmọdé. Nítorí náà, a jọ ń dìde, a nàró, a jọ ń sọ ọ́ kíkan: “Dúró! Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀.” Lẹ́yìn náà, wọ́n á rìn, wọn ò ní sáré, lọ síbi tí èèyàn wà. Wọ́n á wá sọ ọ́ fún àgbà. Bí àgbà náà bá ní kí wọ́n lọ jókòó, wọ́n á wá àgbà kejì. Bí ìyẹn náà kò bá gbọ́, ẹ̀kẹta. Mo ń kọ́ wọn ní apá yìí ju gbogbo rẹ̀ lọ, mo sì ń sọ fún wọn pé àgbà àkọ́kọ́ tó kọ̀ láti gbọ́ lè jẹ́ èmi. Àwọn òbí kan kì í fẹ́ gbọ́ ọ. Wọ́n ní àwọn ti sọ fún ọmọ pé bí wọ́n bá nà án, kó nà wọ́n padà, kó má sunkún wá sílé. Mo máa ń bi wọ́n pé: bí ọmọ yín bá lè nà án padà, ṣé ẹni yẹn á dojú kọ ọ́ ni?

Àwọn tó ń wòran ńkọ́? Nínú kíláàsì mi lọ́dún yẹn, ọmọkùnrin kan ló ń gba owó, ṣùgbọ́n ọmọ 50 ló ń dimú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Christina Salmivalli ní Finland fi hàn ní 1996 pé ẹni tó ń rẹ́rìn-ín àti ẹni tó gbójú kúrò pàápàá ní ipa tí wọ́n ń kó, orí èyí ni wọ́n sì gbé ètò KiVa lé, tí wọ́n ń lò láti dènà ìfòòró láwọn ilé-ìwé wọn. Mi ò ní kí ọmọdé lọ dojú kọ ẹni tó ju òun lọ. Ohun tí mo ní kí wọ́n ṣe ni kí wọ́n má rẹ́rìn-ín, kí wọ́n sì lọ jókòó ti ẹni tí wọ́n ń fòòró. Ká ní ẹnì kan ṣoṣo jókòó sórí bẹ́ńṣì yẹn ti Àjọkẹ́ ni.

Ẹ má sì kó àwọn méjèèjì jọ kí ẹ ní kí wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Ẹ gbọ́ ti ẹni tí ìyà jẹ lọ́tọ̀, ẹ gbọ́ ti èkejì lọ́tọ̀, ẹ bá àwọn òbí sọ̀rọ̀, kí ẹ sì tún padà bi ọmọ náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan bóyá ó ti dópin. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀. Bí ọ̀gá bá ní kí ẹ má kọ ọ́, ẹ wá bá mi.

Ọmọ ìwé kejì ọjọ́ yẹn, mo pè é sábẹ́ máńgòrò lọ́jọ́ kejì, mo sì gbọ́ ohun tó bá a wá. Mi ò ní kọ ọ́ síbí, torí tirẹ̀ ni. Ìka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló nà sókè kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n olùkọ́ kíláàsì rẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ bá, mo sì fẹ́ kó lè tún lọ bá a. Mo ti sọ fún un pé kó padà lọ lọ́la nígbà ìsinmi. Ó bi mí pé, “Wọn ò ní lé mi?” Mo ní wọn ò ní lé e. Ẹ mọ ara yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wà lórí àga yín.