Ẹ̀yìn Ló Ń Bẹ̀rù

Mo ti jẹun alẹ́, mo ti fọ abọ́, mo sì ti gbàdúrà, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ tí bàbá tó ń lẹ táyà lẹ́bàá géètì sọ láàárọ̀ yìí kò kúrò létí mi. Kì í ṣe èmi ló bá sọ ọ́. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀ nígbà tí ó rò pé mo ti lọ, kò sì mọ̀ pé mo ṣì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ kan, tí mo ń so okùn bàtà mi. Ó ní, “Àǹtí yẹn ò bẹ̀rù mọ́tò o. Ẹ̀yìn ló ń bẹ̀rù.”

Láti ìgbà tí ẹnì kan ti fi ọkọ̀ lù mí lórí kẹ̀kẹ́ mi ní Mọ́kọ́lá, ní Ìbàdàn níbí, ni mo ti ń kọ ọ́ síbí pé mọ́tò ló ń bà mí lẹ́rù. Mo ti ka àwọn mọ́tò náà fún yín lọ́kọ̀ọ̀kan: Micra tó ń dúró gbì láti já èrò, ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó iṣu lọ sí ọjà Bódìjà, ọ̀kadà tó ń yọ láàárín ọkọ̀ méjì. Mo sì gba ohun tí mò ń kọ gbọ́ tọkàntọkàn. Àfi ìgbà tí bàbá kan tí kò mọ orúkọ mi, tí kò ṣe ju kí ó fẹ́ atẹ́gùn sí táyà kẹ̀kẹ́ mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ, wá fi gbólóhùn kan sọ pé n kò tí ì mọ ohun tí mò ń bẹ̀rù. Ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ dùn mí. Nígbà tí ó fi di ọ̀sán, ó ti ń jọ òótọ́.

Nítorí bí mọ́tò bá ń bọ̀ níwájú, àyà mi kì í já. Mò ń rí i, mò ń rí awakọ̀, mo sì lè fojú wọn ibi tí ó fẹ́ gbà. Èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn, etí nìkan ló ń gbọ́ ọ, etí kò sì mọ ìwọ̀n. Gbogbo ìró ẹ́ńjìnì ló ń sọ fún un pé ó ti dé. Ìdí gan-an nìyẹn tí mo fi ń gba ọwọ́ òsì ní oṣù àkọ́kọ́ tí mo gun kẹ̀kẹ́, tí mo ń kọjú sí àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀, tí mo sì ń pe èyí ní ọgbọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló fi ìṣirò bá mi wí. Ó ní bí kẹ̀kẹ́ bá ń sá kìlómítà 15 ní wákàtí kan, tí mọ́tò sì ń sá 40, àwọn méjèèjì tó dojú kọ ara wọn yóò pàdé ní 55, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jọ ń lọ sí ọ̀nà kan náà, 25 péré ni mọ́tò fi ń bá kẹ̀kẹ́. Ó tún ní awakọ̀ tó bá fẹ́ yọ láti àdúgbò sí títì, ibi tí ọkọ̀ ti ń bọ̀ ni yóò wò, kò ní wo ibi tí èmi ti ń bọ̀. Mo gbọ́, mo sì yí padà, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ẹ̀yìn mi ti wà ní ìhòòhò.

Bàbá mi kọ́ kẹ̀kẹ́ ṣáájú ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, tí Nàìjíríà kúrò ní ìrìn ọwọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Nígbà tí mo ń gba òsì yẹn, mo máa ń sọ nínú ara mi pé ọ̀nà rẹ̀ ni mò ń tọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lórí òsì tirẹ̀, òun náà kọ ẹ̀yìn sí ọkọ̀ bíi gbogbo ayé, ó sì gbé ìyá mi sórí kẹ̀kẹ́ Raleigh rẹ̀, lórí irin ẹ̀yìn. Bóyá nítorí pé ìyá mi wà níbẹ̀ ni ẹ̀yìn kò fi bà á lẹ́rù. N kò lè bi í mọ́.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ṣùgbọ́n ojú alákàn yọ síta, tèmi wà níwájú nìkan, àfi kí n yí ọrùn. Níbẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kẹ̀kẹ́ bá wẹ̀yìn, èjìká á bá orí lọ, ọwọ́ á bá èjìká lọ, kẹ̀kẹ́ á sì yà sí apá ibi tí ojú ń wò, èyí tí í ṣe àárín títì gan-an. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí àwọn èèyàn tó jáde lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ni èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà sí ojú ọ̀nà Appleton nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Á dúró lẹ́yìn mi, á na ìka sókè. Èmi á gbé àgbọ̀n lé èjìká òsì, n óò sì pe iye ìka náà láìjẹ́ kí táyà kúrò lórí ilà. Lákọ̀ọ́kọ́, bí mo bá rí ìka, mo ti wà nínú koríko. Bí mo bá wà lórí ilà, n kò rí ìka kankan. Ọjọ́ tí mo pe “mẹ́rin”, tí ó sì jẹ́ mẹ́rin, tí táyà mi wà lórí ilà, igbe ayọ̀ ọmọ náà ju tèmi lọ.

 

Lójú ọ̀nà Bódìjà ni Micra kan ti dúró níwájú mi. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń sọ̀ kalẹ̀, n óò fa kẹ̀kẹ́ gba inú ẹrọ̀fọ̀ kọjá. Lónìí, ọ̀rọ̀ bàbá yẹn ṣì gbóná létí mi, mo gbé àgbọ̀n lé èjìká, mo sì wẹ̀yìn. Ọkọ̀ pupa kan ń bọ̀, ó ṣì jìnnà díẹ̀, obìnrin tó fi ìborùn bo orí ló ń wà á, ó sì ń wò mí. Mo na ọwọ́ òsì. Ó dẹwọ́ eré. Mo yà, mo fi àyè tó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn sílẹ̀ láàárín èmi àti Micra náà, ilẹ̀kùn náà sì ṣí lóòótọ́ bí mo ṣe ń kọjá. Nígbà tí obìnrin náà ń ré mi kọjá, ó rọra tẹ họ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀mejì. Ẹsẹ̀ mi gbọ̀n títí mo fi dé ọjà.

Họ́ọ̀nù yẹn ni mo ń rò báyìí. Gbogbo oṣù wọ̀nyí, bí mo bá ti gbọ́ họ́ọ̀nù lẹ́yìn, ṣe ni mò ń fò bí ẹni tí wọ́n nà ní pàṣán. Ṣùgbọ́n ẹni tó tẹ họ́ọ̀nù ti rí mi. Ẹni tí kò rí mi, kò ní ìdí láti tẹ̀ ẹ́. Èyí tù mí nínú fún wákàtí mélòó kan, kí n tó rántí pé ẹni tó lù mí ní Mọ́kọ́lá náà tẹ họ́ọ̀nù. Nítorí náà, n kò mọ ohun tí mo lè sọ nípa họ́ọ̀nù.

Ohun tó ń bí mi nínú ni àwọn tó ń sọ fún mi pé kí n fún mọ́tò láàyè, kí n máa gba etí títì. Etí títì wo? Níbi tí ọ̀dà ti bù jẹ, tí yanrìn ń yọ̀, tí gọ́tà sì la ẹnu sílẹ̀ láìní ìdérí? Bí mo bá lẹ̀ mọ́ etí, awakọ̀ á rò pé àyè tó fún àwa méjèèjì, á sì fi ara kàn mí kọjá. Bí mo bá fi nǹkan bíi mítà kan sílẹ̀ sí etí, ó di dandan kí ó yà fún mi. Àwọn ọmọ tó ń fi kẹ̀kẹ́ lọ sílé ẹ̀kọ́ wà ní ìlú yìí, etí gọ́tà ni a sì ń lé wọn lọ. Ó dùn mí gan-an.

N kò tí ì mọ bí bàbá yẹn ṣe mọ̀. Bóyá ọrùn mi ló rí, bí ó ṣe ń le gan-gan bí mo bá fẹ́ wọ títì. Bóyá ó ti gun kẹ̀kẹ́ rí. Bí mo bá lọ fẹ́ atẹ́gùn sí táyà lọ́jọ́ Sátidé, n óò kí i dáadáa, n óò sì bi í léèrè, bí n kò bá…