Kí atẹ́gùn rọ́nà gbà

Ọjọ́bọ̀, oṣù Kẹrin

Òjò ìrọ̀lẹ́ òní kò pọ̀. Ẹ̀fúùfù tó ṣáájú rẹ̀ ló ṣe iṣẹ́. Bó ṣe máa ń rí nìyí nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé: ojú ọ̀run á ṣú lápá ìlà oòrùn, lọ́nà Yábàá tí a bá dúró sí Ṣúrúlérè níbí, atẹ́gùn tútù á gbá eruku dìde kí ẹ̀kán òjò kan tó kan ilẹ̀. Àsìkò yẹn kò tó kéèyàn máa ri ọ̀pá mọ́lẹ̀. Ó tó ká aṣọ, ó sì tó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì ata kúrò lórí pèpéle wá sílẹ̀.

Ìyá Rísí gbé tapólíìnì jáde. "Mọ́mì Tóbi, jẹ́ ká fi bo tòmátò yẹn."

"Ẹ ṣé, mà. Bí atẹ́gùn bá wọ abẹ́ ẹ̀, á fà á tu tòun ti tòmátò ni."

Wọ́n wò mí bí ẹni tó ń kọ oore.

Gbogbo ilé ló gbà pé fẹ́ńsì búlọ́ọ̀kù tó yí wa ká ló ń dáàbò bo ẹ̀fọ́. Èmi ò gbà. Ìdí ògiri gan-an lè dákẹ́, ṣùgbọ́n atẹ́gùn á fò ó, á já wálẹ̀ níwájú díẹ̀, á wá máa yí po níbẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ àárín ẹ̀yìnkùlé ló sùn gbalaja lónìí. Èyí tó wà lẹ́yìn àwọ̀n tí mo na sára ọparun ṣì dúró, torí àwọ̀n ń jẹ́ kí díẹ̀ kọjá, agbára ìyókù á sì rọ̀. Ewúro tí a bá gbìn ní ìlà á ṣe irú iṣẹ́ yẹn, a ó sì tún rí ọbẹ̀ sè.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ ọgbọ́n yìí ju gbogbo wa lọ. Ewé rẹ̀ ti ya jákujàku, ibi tó ya yẹn ni atẹ́gùn ń bá kọjá. Bí kò bá ya, ìdí rẹ̀ ni ì bá hú. Rísí ti mú àdá, ó fẹ́ gé wọn kí ẹ̀yìnkùlé lè mọ́ lójú. Mo ní kó fi wọ́n sílẹ̀, ewé tó ya ṣì ń bọ́ igi. Èyí tó gbé ọmọ sórí ló ń bà mí lẹ́rù, torí gbòǹgbò ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò jìn. Ọparun méjì tí mo so pọ̀ lórí ni mo fi tì í, lápá ibi tó dà sí.

Tòmátò náà, àkísà àǹkárá ni mo fi dè é mọ́ ọ̀pá, kì í ṣe okùn ike tó ń gé ara igi. Mi ò fún un pinpin. Igi tó bá ń mì díẹ̀díẹ̀ ló ń ki.

Ti ìbẹ́pẹ yàtọ̀: omi ni ọ̀tá rẹ̀. Bí omi bá dúró sí ìdí rẹ̀ fún ọjọ́ kan sí méjì, gbòǹgbò á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Náílọ̀n píọ́ wọ́tà ló dí gọ́tà wa (ta ló ń jù ú síbẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀), mo ti kó o kúrò.

Lọ́la, mi ò ní fọwọ́ kan tòmátò títí ewé á fi gbẹ, torí ọwọ́ tó tutù ló ń gbé àrùn láti igi kan dé èkejì. Ìyá Rísí ti ní kí n gé igi ewúro fún àwọn, àwọn fẹ́ rì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilá àwọn. Tapólíìnì wọn ti dorí jẹnẹrétọ̀.