Kí ẹ tó ní kí aláìsàn pa iṣu tì: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí iṣẹ́ ìmọ̀ oúnjẹ

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ ìmọ̀ oúnjẹ, ẹ kú oríire. Ìbéèrè tí wọn yóò máa bi yín láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ kò sí nínú ìwé ìdánwò yín: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé nǹkan yìí dára?" Nǹkan yìí lè jẹ́ òróró àgbọn, omi gbígbóná tí wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí, òfìò, mòríńgà, tàbí èyí tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp lóru àná. Ẹni tó ń béèrè kò fẹ́ àròyé. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ń retí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń bi í yẹn, ìbéèrè náà kò ṣeé dáhùn. Ó dára ju kí ni lọ? Báwo ni ìwọ̀n tí wọ́n fẹ́ jẹ ṣe pọ̀ tó? Ta ni yóò jẹ ẹ́, àìsàn wo ló ń bá a fínra, oògùn wo ló sì ń lò? Lẹ́yìn èyí ló tó kan pé: ta ló sọ pé ó dára, báwo ló sì ṣe mọ̀?

Ẹ má rò pé àwọn ará WhatsApp nìkan ni mo ń bá wí. Àwa náà ní àṣà tiwa ní kílíníìkì, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ wheat. Agbára káká ni ẹ fi máa rí alátọ̀gbẹ kan lọ́dọ̀ wa tí wọn kò tíì sọ fún pé kó pa àmàlà, ẹ̀bà àti iyán tì, kó máa ro wheat. Ọ̀pọ̀ wọn ló ti wá gbà pé wheat kì í di ṣúgà nínú ara. Àlìkámà sì ni. Bí ẹ bá wọn 100 gíráàmù ìyẹ̀fun àlìkámà tí wọn kò bó èèpo rẹ̀, nǹkan bí 60 sí 70 gíráàmù nínú rẹ̀ ni yóò di ṣúgà. Èlùbọ́ iṣu jù ú lọ díẹ̀. Àlìkámà ní èèpo tó ń jẹ́ kí oúnjẹ rọra dà, amáradàgbà inú rẹ̀ sì pọ̀ ju ti èlùbọ́ lọ, nítorí náà mi ò ní kò wúlò. Ohun tí mo ń sọ ni pé aláìsàn tó ń jẹ àmàlà kan tẹ́lẹ̀, nígbà tí a bá ti sọ fún un pé wheat ni oúnjẹ alátọ̀gbẹ, wheat mẹ́ta ló máa ń jẹ, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀. Ní oṣù kejì, ṣúgà rẹ̀ ti gun òkè àjà, dókítà á wá kún oògùn rẹ̀.

Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ẹni yìí kan náà ni yóò sọ pé òun ò jẹ́ fẹnu kan sẹmó. Ẹ yí àpò sẹmó padà, kí ẹ ka ohun tí wọ́n fi ṣe é. Àlìkámà ló máa ń wà nínú púpọ̀ nínú wọn, tí wọ́n ti bó èèpo rẹ̀.

Bí apá aláìsàn bá ká owó strip, ìyẹn bébà pélébé tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ kán sí nídìí ẹ̀rọ ìwọn ṣúgà, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ náà bá yín parí àríyànjiyàn. Kó wọn ṣúgà rẹ̀ kó tó jẹun. Kó jẹ àmàlà bó ṣe máa ń jẹ ẹ́, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ àti ẹja, kó sì tún un wọ̀n lẹ́yìn wákàtí méjì. Lọ́jọ́ mìíràn, kó fi wheat rọ́pò àmàlà, kí ìwọ̀n òkèlè náà àti ọbẹ̀ náà má yàtọ̀. Lọ́jọ́ mìíràn sí i, kó jẹ ìdajì àmàlà, kó fi ẹ̀fọ́ kún un. Kó máa kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kó sì tún un ṣe, torí pé àìsùn, ibà tàbí ìrìn ọjọ́ kan lè yí nọ́ńbà padà. Níbi tí mo ti rí i tí wọ́n ṣe é, ìdajì yẹn ló sábà máa ń dín ṣúgà kù ju wheat lọ. Ẹni tó bá sì fojú ara rẹ̀ rí nọ́ńbà kò nílò kí a máa bá a jà mọ́.

Ìyá kan wà tí ọmọ wọn mú wá sọ́dọ̀ wa. Àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ní. Wọ́n yọ ìwé kan jáde nínú báàgì, irú èyí tí àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń lò, ọmọ-ọmọ wọn ti fi rúlà pín in sí méjì: ọwọ́ òsì ni ohun tí Ìyá kò gbọdọ̀ jẹ, ọwọ́ ọ̀tún ni ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n yé jẹ iṣu àti ìrẹsì. Ìyá ìjọ ní ẹran àti epo pupa. Àbúrò wọn tó wà ní London ní ẹyin, wàrà àti búrẹ́dì. Rédíò ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọsàn. Ẹlẹ́wé ọmọ ní kí wọ́n má jẹ ẹ̀wà, ẹ̀wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ní kí n mú oúnjẹ kan ṣoṣo fún alátọ̀gbẹ tówó ò fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́wọ́ rẹ̀, òun ni mo máa mú. Ohun tó ṣẹ́ kù fún Ìyá kò ju ẹ̀kọ tútù àti ewédú lọ. Oògùn àtọ̀gbẹ wọn ńkọ́? Wọn kò fo ọjọ́ kan. Ibi tí wọ́n jókòó sí ni ọwọ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, òógùn tútù bò wọ́n, ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ wọn lẹ́nu. Ṣúgà ti lọ sílẹ̀ jù. Ṣúgà náà la sì kọ́kọ́ pò sínú omi fún ẹni tí gbogbo ayé ti kìlọ̀ ṣúgà fún.

Kò sí ẹni tó fẹ́ ibi fún Ìyá nínú gbogbo wọn. Kò kàn sí ẹni tó béèrè ohun tí àwọn tó kù ti sọ ni. Láti ìgbà náà, kí n tó sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó má jẹ nǹkan kan, mo máa ń béèrè ohun tó jẹ láàárọ̀ àná, lọ́sàn-án àti lálẹ́, àti iye tó ná an. Bí mo bá mú nǹkan kan kúrò nínú abọ́, mo gbọ́dọ̀ fi òmíràn síbẹ̀, èyí tó wà lọ́jà àdúgbò rẹ̀, tówó rẹ̀ sì ká.

Ti àwọn tó fẹ́ jò kíákíá kò gbọdọ̀ gba àkókò yín. Ìyàwó tuntun á ní òun pa gbogbo iṣu, gàrí àti ìrẹsì tì, òun sì jò kílò mẹ́ta lọ́sẹ̀ kan. Òótọ́ ni. Ara máa ń kó ṣúgà pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan, gíráàmù kọ̀ọ̀kan rẹ̀ sì máa ń di omi bíi gíráàmù mẹ́ta mọ́ra. Tí a kò bá jẹ oúnjẹ afúnnilókun, ara á ná ìpamọ́ yẹn, omi á bá a lọ. Ọ̀rá ṣì wà níbi tó wà. Ọjọ́ tó bá jẹ ìrẹsì níbi àríyá, omi á padà. Ní ọdún 2018, Christopher Gardner, onímọ̀ oúnjẹ ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde ìwádìí kan jáde. Ènìyàn 609 ni wọ́n pín sí méjì fún odidi ọdún kan, apá kan dín ọ̀rá kù, apá kejì dín oúnjẹ afúnnilókun kù. Ìpíndọ́gba ohun tí apá kìíní jò jẹ́ kílò 5.3, ti apá kejì jẹ́ 6.0, ìyàtọ̀ tí kò tó nǹkan. Nínú apá kọ̀ọ̀kan, àwọn kan jò gan-an, àwọn kan sì sanra sí i. Ẹ rántí ìyẹn nígbà tí ẹnì kan bá ń búra fún yín pé ọ̀nà tòun nìkan ló dájú.

Ó kù ibi tó ṣòro jù, ìyẹn bí a ṣe ń mọ̀ pé oúnjẹ kan ló fa nǹkan kan. Ilé náà ni mo ti máa fún yín ní àpẹẹrẹ. Gbogbo wa la gbọ́ pé àmàlà àti ọbẹ̀ ìlasa ló ń mú kí wọ́n máa bí ìbejì ní Igbó-Ọrà. Pé ìbejì pọ̀ kì í ṣe àhesọ: Patrick Nylander, dókítà tó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ka àwọn ìbí tó wà níbẹ̀ láti àwọn ọdún 1960, ó sì rí i pé ìbejì ju 40 lọ nínú 1000 ìbí, nígbà tí ti Yúróòpù kò ju bíi 10 sí 12 lọ. Ṣùgbọ́n ìlasa ńkọ́? Obìnrin Igbó-Ọrà tí kò bí ìbejì rí, ìlasa kan náà ló ń jẹ. Ìdílé ìyá tí ènìyàn ti wá, ọjọ́ orí ìyá àti iye ọmọ tó ti bí tẹ́lẹ̀ náà wà lára ohun tó ń mú ìbejì wá. Bí ẹnì kan bá ka ìbejì, tó sì tún wo inú ìkòkò, ó ti rí nǹkan méjì tó ń gbé pọ̀. Kò tíì rí èyí tó bí èkejì.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Finland wàyí. Àwọn onímọ̀ ti rí i pé àwọn tó ń jẹ ẹ̀fọ́ àti èso tí kárótíìnì pọ̀ nínú rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Kárótíìnì yìí náà ló ń mú kí epo wa pupa. Wọ́n wá sọ ọ́ di oògùn oníhóró, wọ́n kó ọkùnrin 29,133 tó ń mu sìgá jọ, wọ́n pín wọn láìṣojúsàájú, àwọn kan gba kárótíìnì, àwọn kan kò gbà á. Nígbà tí èsì jáde ní ọdún 1994, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i lára àwọn tó gbà á. Epo pupa àti kárọ́ọ̀tì kò jẹ̀bi o! Hóró oògùn ni wọ́n gbé mì. Bí ẹni tó ń ta kápúsù bá ń fi àǹfààní ẹ̀fọ́ polówó rẹ̀ fún yín, Finland ni kó wá sí yín lọ́kàn.

Nígbà mìíràn, ìwádìí náà gan-an ló máa ń jẹ́ ẹ̀tàn. John Bohannon, oníròyìn ará Amẹ́ríkà, ṣe ọ̀kan tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é láìdára, òun àti àwọn oníròyìn Jámánì. Èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2015: ṣokoléètì ń mú kéèyàn tètè jò. Bild, ìwé ìròyìn ńlá ilẹ̀ Jámánì, gbé e, ó sì ká ayé. Ènìyàn 15 péré ni wọ́n lò, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà, nǹkan 18 ni wọ́n sì ń wọ̀n lára wọn: ìwọ̀n ara, kọlẹ́sítẹ́rọ̀ọ̀lù, oorun àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì lotto 18, tó wá ń gbé ẹyọ kan tó jẹ yẹn kiri, ohun tí wọ́n ṣe gan-an nìyẹn. Nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún pé nǹkan kan yóò ṣèèṣì dà bí òótọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé "ìwádìí fi hàn", ẹ béèrè iye ènìyàn, ẹ béèrè iye nǹkan tí wọ́n wọ̀n.

Ẹ tún béèrè ẹni tó sanwó. Ní àwọn ọdún 1960, ẹgbẹ́ àwọn oníṣúgà ní Amẹ́ríkà san 6,500 dọ́là fún àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Harvard, àpilẹ̀kọ wọn tó jáde ní 1967 sì di gbogbo ẹ̀bi àìsàn ọkàn lé ọ̀rá lórí, kò fẹ́ gbọ́ ti ṣúgà. Ọdún 2016 ni àṣírí tú.

Aláìsàn á wá ní, "Ẹ̀yin náà ní ká má jẹ ẹyin, ẹ tún ní ká máa jẹ ẹ́." Ẹ má bínú sí i, òótọ́ ló sọ. Ní 1968, ẹgbẹ́ onímọ̀ ọkàn ní Amẹ́ríkà ní pupa ẹyin kò gbọdọ̀ ju mẹ́ta lọ lọ́sẹ̀. Nígbà tó máa fi di ìlànà oúnjẹ tí ìjọba wọn gbé jáde fún 2015 sí 2020, wọ́n ti yọ òdiwọ̀n kọlẹ́sítẹ́rọ̀ọ̀lù 300 mílígíráàmù lójúmọ́ kúrò. Ẹ ṣàlàyé fún un pé ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú kọlẹ́sítẹ́rọ̀ọ̀lù ara, àti pé fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọ̀rá tó máa ń dì ló ń gbé e sókè ju ẹyin lọ. Ẹ lè ti ibẹ̀ dáhùn ọ̀rọ̀ òróró àgbọn. Ó ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ lọ tó jẹ́ irú ọ̀rá yẹn, nígbà tí ti epo pupa jẹ́ bíi ìdajì. Ẹni tó bá da epo pupa nù nítorí ọkàn rẹ̀, tó wá ń fi owó gọbọi ra òróró àgbọn, ẹ rọra bá a ṣírò rẹ̀.

Ẹ̀yin náà ni ọlọ́jà kàn. Kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi wá bá yín pẹ̀lú tíì tó ń fọ inú. Wọn á ní kí ẹ wọ kóòtù funfun ya fọ́tò, ẹ̀yin náà á sì ní ìpín tiyín lórí páálí kọ̀ọ̀kan. Ẹ ka ẹ̀yìn páálí náà. Ewé sẹ́nà ló máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, oògùn ìyàgbẹ́ ni, omi àti ìgbẹ́ ló sì ń jáde. Ẹ bi wọ́n pé mélòó ni wọ́n dán an wò lára wọn, wọ́n fi wé kí ni, fún ìgbà mélòó, ta ló gbé owó rẹ̀ kalẹ̀. Bí wọ́n bá fún yín ní ìwé, ẹ kà á. Àwọn tó ti wá bá mi títí di ìsinsìnyí, kàlẹ́ńdà ni wọ́n fún mi.